Omi kajú ta sí ìwé láíbìrì lọ́wọ́ mi, orúkọ ẹlòmíì sì ni wọ́n fi yá a

TíṣàÌyàrà

Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ti kàwé jáde ní fásitì, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nílé ìkàwé bí ẹ bá wà níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Láti ọjọ́ Sátidé ni oorun ò ti kùn mí mọ́.

Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, ní Ìjùmú níbí, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní. NCE ni mo fi wọṣẹ́. Nígbà tó yá, mo ní kí n lọ gba dìgírì, mo bá forúkọ sílẹ̀ fún páátì-táìmù ní fásitì kan tí n ò ní dárúkọ. Òpin ọ̀sẹ̀ ni kíláàsì wa. Lọ́jọ́ Ẹtì, bí agogo ilé ìwé bá ti lù báyìí, orí ọ̀kadà ni mo wà, ó di gáréèjì Kábbà. Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ni mo máa ń padà wọlé.

Pùrójẹ́ẹ̀tì mi dá lórí fífi èdè abínibí kọ́ ọmọ. Ẹni tó bá ti dúró rí níwájú ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń sọ Ìjùmú geerege nílé, tó wá ya odi mọ́ni lọ́wọ́ nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì la fi bi í ní iye ọsàn tó wà lórí tábìlì, kò ní béèrè ìdí tí mo fi mú iṣẹ́ yìí. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n lọ wá ìwé tó sọ nípa ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ láti kíláàsì kìíní títí dé ìkẹfà. Ọdún 1989 ni wọ́n tẹ ìwé náà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà ní láíbìrì wa. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wá a. Kátálọ́ọ̀gì ní ó wà, pẹpẹ ní kò sí. Àfi bí mo ṣe ṣàdédé rí i láàárín àwọn ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀, ó dojú bolẹ̀. Ẹnì kan ló fi í pamọ́ síbẹ̀ kí ẹlòmíì má baà rí i mú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí. Àwa páátì-táìmù, ìwé méjì ni wọ́n ń yá wa lẹ́ẹ̀kan, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Méjèèjì ti wà lọ́wọ́ mi. Àbúrò kan wà ní ẹ̀ka wa, ọmọ Bùnú, ọdún àṣekágbá ló wà, òun kì í sì í ṣe páátì-táìmù, mẹ́rin ni wọ́n ń yá tiwọn. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n fi káàdì mi yá a fún yín, mi ò kúkú ní ìwé kankan níta." Mo ṣàdúrà fún un títí ó fi ń rẹ́rìn-ín. Ìwé bọ́ sínú báàgì mi, orúkọ tirẹ̀ ló wà nínú kọ̀ǹpútà.

Mo mọ̀ pé kò yẹ. Ó wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi káàdì rẹ̀ yá ìwé fún ẹlòmíì. Ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ má pariwo, ẹ má jẹun, ẹ fi báàgì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ojú tí a fi ń wo kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá la fi ń wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti kajú. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, ẹ ò gbàgbé bí ìlú ṣe máa ń rí lásìkò yìí. Àwọn tó ń ra kóró ti gbé òṣùwọ̀n síta, èso fúnra rẹ̀ ń jẹrà nídìí igi, kò sẹ́ni tó rí i rò. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní kíláàsì ní kí n mú díẹ̀ bọ̀. Mo ṣa pupa, mo ṣa òféèfèé, mo kó wọn sínú láílọ́ọ̀nù, mo ta á ní kókó, mo gbé e lé orí ìwé nínú báàgì. Mo ní kí ìwé wà nísàlẹ̀ kó má baà ká. Ọgbọ́n mi nìyẹn! Ọkọ̀ tí a wọ̀ ní Kábbà, ènìyàn mẹ́rin ló fún mọ́ ibi tí mẹ́ta yẹ kó jókòó, báàgì bọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀. Ìyá àgbà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rọra na ẹsẹ̀ lé e. Ta ni mo jẹ́ tí n óò ní kí ìyá àgbà gbé ẹsẹ̀?

Nígbà tí mo fi máa tú báàgì lálẹ́ ọjọ́ náà, omi kajú ti wọ ìwé láti ojú ewé 61 dé 92. Lálẹ́ yẹn, bí omi lásán ló rí. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ó ti pọ́n bí irin tó dógùn-ún. Bó bá ti ta sí aṣọ yín rí, ẹ mọ̀ pé kò sí ọṣẹ tó ń bọ́ ọ. Ẹnì kan ní kí n bu pọ́ńdà sí i, mo bù ú. Ẹlòmíì ní kí n fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ lórí áńkáṣífù, mo lọ̀ ọ́, ojú ewé 66 àti 67 bá lẹ̀ mọ́ra pátápátá. Ìgbà tó di alẹ́ Mọ́ńdè, mo ṣí 74, èèrà pupa kéékèèké ti tò lórí ìlà kẹta, wọ́n ń lọ láti òsì sí ọ̀tún bíi pé àwọn náà ń kà á.

Ohun tó tún wá dùn mí ni bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé náà, tí wọ́n fi ń lu òǹtẹ̀ ọjọ́ ìdápadà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Òǹtẹ̀ mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ti 1994, èyí ìkẹyìn jẹ́ ti 2003. Ìwé tó ti ń sinmi jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ láti ọdún yìí wá, èmi ni mo lọ jí i wá pa.

Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni ọjọ́ ìdápadà. Ṣé èmi ni kí n gbé e lọ ni àbí ọmọ náà? Bí mo bá lọ, wọn yóò mọ̀ pé ó fi káàdì rẹ̀ ṣe mí lóore, ó sì ku oṣù díẹ̀ kó ṣe kílíáráǹsì, ìyẹn àyẹ̀wò pé kò jẹ fásitì ní gbèsè kó tó jáde. Bó bá jẹ́ òun ló lọ, òun ló máa jẹ ìyà ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹnì kan ní kíláàsì ní kí a sọ pé ó sọnù, ká sanwó, kó tán síbẹ̀. Ẹlòmíì ní kí n wá ẹni tó ní irú rẹ̀, kí n ṣe fọ́tòkọ́pì àwọn ojú ewé yẹn, kí n fi tún un dì lọ́dọ̀ àwọn tó ń dì pùrójẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbà mí o.

ỌmọMọ̀pà

Àǹtí, ẹ ń da ara yín láàmú lásán. Ẹ gbé ìwé lọ, ẹ rọra tì í sórí pẹpẹ níbi tí ẹ ti rí i, ẹ máa bá tiyín lọ. Kọ̀ǹpútà wọn kì í ṣiṣẹ́ nígbà tí kò bá síná, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Èmi ya ewé kan nínú ìwé físíìsì ní ọdún kìíní mi, mo ti ń lọ sí ọdún kẹta báyìí, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní nǹkan kan.

AráỌ̀wọ̀rọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tẹ̀lé ọmọ Mọ̀pà yìí o, á sọ yín sí gbèsè.

Èmi yá ìwé ìṣirò owó lọ́jọ́ 10 oṣù Kejì 2022. Ọjọ́ 24 ló yẹ kí n dá a padà. Lọ́jọ́ 14, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, wọ́n ti gbogbo ibẹ̀ pa, mo kó ẹrù mi, mo gba ilé lọ. Ẹ rántí pé oṣù mẹ́jọ gbáko ni, ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 17, mo ti wà lẹ́nu káńtà pẹ̀lú ìwé mi lọ́wọ́, mo rò pé wọn á yìn mí. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ tẹ kọ̀ǹpútà, ó wò mí, ó tún un tẹ̀. Ọjọ́ 235, náírà 50 lójúmọ́, ₦11,750. Owó tí mo fi ń jẹun fún oṣù kan nígbà náà kò tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yọ mí ni pé n kò bá ọmọbìnrin náà jà. Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá wọn, mo kọ ọjọ́ tí mo yá a àti ọjọ́ tí ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀ sínú rẹ̀, mo béèrè ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà dá ìwé padà sí ilé tí wọ́n tì pa. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, wọ́n pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Àwọn méjì tó yan pariwo ní ẹnu káńtà lọ́jọ́ kan náà, wọ́n san tiwọn.

ÌyáLáíbìrìẸgbẹ́

Àbúrò mi, kú ọ̀ràn yìí. Ọdún 22 ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìkàwé fásitì, kì í ṣe ti ibi tí o ń lọ, mo sì ti rí ìwé tí ewúrẹ́ jẹ, mo ti rí èyí tí wọ́n fi bo ìkòkò ọbẹ̀. Ti kajú yìí ni n kò tíì rí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọmọ Mọ̀pà lóhùn. Ọmọ mi, bí ẹ bá kàn ti ìwé sórí pẹpẹ, ẹ kò tíì dá a padà. Orúkọ ẹni tó yá a yóò wà lórí kọ̀ǹpútà síbẹ̀, owó ìtanràn yóò sì máa gorí ara wọn lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kan, bí àwa tí a ń to pẹpẹ bá kan ìwé náà, a ó wo nọ́ńbà rẹ̀, a ó rí i pé ìta ló yẹ kó wà, a ó ṣí i, a ó rí omi kajú. Ta ni a ó pè? Ọmọ Bùnú tó ṣoore. Ìwọ náà, níbo ni ewé físíìsì yẹn wà?

Ó ku ti sísọ pé ó sọnù. Àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn yẹn kò mọ ìṣirò. Ìwé tó sọnù ló wọ́n jù nínú gbogbo ẹjọ́ ilé ìkàwé. Ní ọ̀pọ̀ fásitì wa, wọ́n á ní kí o wá irú ìwé náà gan-an tàbí èyí tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bí o kò bá rí i, wàá san owó rẹ̀ ní ìlọ́po, wàá tún san owó iṣẹ́ lé e, nítorí pé nọ́ńbà tuntun, àkọsílẹ̀ tuntun àti ìlẹ̀mọ́ tuntun ni a ó ṣe fún èyí tí a bá fi rọ́pò. Iye tí ìwé jẹ́ lónìí ni a sì ń wò, a kì í wo ti 1989. Ìwé tó bàjẹ́ ṣùgbọ́n tó ṣì ṣeé kà, ọ̀rọ̀ dídì ló sábà máa ń jẹ́. Wo bí ojú ewé 61 sí 92 ṣe rí: ṣé o lè ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀? Bó bá ṣeé kà, àbàwọ́n ni, kì í ṣe òkú.

Má gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń dì pùrójẹ́ẹ̀tì, mo bẹ̀ ọ́. Gọ́ọ̀mù wọn máa ń gan, wọ́n á tún gé etí ìwé kó lè dọ́gba, wọ́n á gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn. Sẹ́lótéèpù ńkọ́? Ọ̀tá ilé ìkàwé ni. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó máa pọ́n, ó máa ṣí kúrò, àmì rẹ̀ á sì wà níbẹ̀ títí láé. Fásitì tó bá tó bẹ́ẹ̀ ní yàrá tirẹ̀ tí wọ́n ti ń dì ìwé, àwọn ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Pọ́ńdà náà, gbọn gbogbo rẹ̀ dànù. Bébà ìnuwọ́ funfun tí kò ní àwòrán ni kó o máa fi sí àárín ewé kọ̀ọ̀kan, kó o jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fáànù máa fẹ́ ẹ, má gbé e sí oòrùn. Má sì fi ọwọ́ fa 66 àti 67 tó lẹ̀ pọ̀ yẹn, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Nípa èèrà: bí ẹnì kan ládùúgbò bá ní fíríísà tó ń dì dáadáa, dé ìwé náà sínú láílọ́ọ̀nù tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ lẹ́yìn tó bá ti gbẹ tán, kó o gbé e síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Bí àwa náà ṣe ń pa kòkòrò inú ìwé nìyẹn, a kì í fín oògùn sí i. Bí o bá gbé e jáde, má tú láílọ́ọ̀nù títí tí òtútù rẹ̀ yóò fi lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi á tún sẹ̀ sí i lára, a ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. (Má fi sí àárín ẹja o. Mo mọ̀ wá.)

Àwọn ojú ewé tí kò bá ṣeé gbà là, ilé ìkàwé fúnra rẹ̀ ló máa wá wọn. Àwọn ilé ìkàwé fásitì máa ń bára wọn sọ̀rọ̀: ìwé tí kò sí lọ́dọ̀ wa lè wà ní Kenneth Dike ní Ìbàdàn tàbí ní Hezekiah Oluwasanmi ní Ifẹ̀, a ó kọ̀wé, wọn á fi ẹ̀dà ojú ewé méjì mẹ́ta ránṣẹ́. Òfin ẹ̀tọ́ oníwèé ti 2022 náà fi àyè sílẹ̀ fún ilé ìkàwé láti ṣe ẹ̀dà ìwé tó ń bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè pa á mọ́. Ìwọ tí o lọ ṣe fọ́tòkọ́pì odidi ìwé fúnra rẹ, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ká wá sọ òótọ́ tó korò. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà ni ilé ìkàwé mọ̀. Bí o bá dá lọ, ọmọ náà ni a ó pè. Bí ó bá dá lọ, ó lè parọ́ nítorí tìrẹ. Ẹ jọ lọ, kó tó di ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ lọ ní òwúrọ̀ tí káńtà kò tíì kún, kí ẹ sì sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè gba káàdì yín fún ìgbà díẹ̀. Kí wọ́n gba káàdì fún oṣù kan sàn ju kí ọmọ náà dé ẹnu kílíáráǹsì kí wọ́n ní orúkọ rẹ̀ pọ́n lórí kọ̀ǹpútà. Mo ti rí ọmọ tó gba èsì tó dára, tí ìwé kan ṣoṣo kò jẹ́ kí wọ́n fún un ní sàtífíkéètì. Ìwé tí ó ti yá ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti sìnrú ìlú lọ.

Owó kankan tí wọ́n bá ní kí ẹ san, kó gba báńkì tàbí ọ́fíìsì owó, kó ní rìsíìtì. Má fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kódà bó bá dà bí èmi.

Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn rẹ kì í ṣe kajú o, ẹni tó gbé ìwé ẹ̀kọ́ lọ sí àárín ìwé àgbẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ fásitì wa ń fi lẹ́tà to ìwé. L ni ti ẹ̀kọ́, S ni ti iṣẹ́ àgbẹ̀, bí o bá ń wá ìtàn Nàìjíríà wàá lọ sí DT515, èdè Yorùbá wà ní PL8821. Ìwé tó ní L ní ẹ̀yìn tó bá bọ́ sí àárín S, ó ti sọnù nìyẹn. Ọdún mẹ́ta ni a fi wá ìwé kan nílé ìkàwé tèmi, àwa tí a mọ gbogbo igun ibẹ̀. Bí ẹ kò bá ní yá ìwé, ẹ fi í sílẹ̀ lórí tábìlì. Àwa la ó dá a padà. Bó bá jẹ́ pé ẹyọ kan ló wà tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn sì ń wá a, kí olùkọ́ yín kọ̀wé kí a gbé e sí rìsáfù: wákàtí méjì nínú ilé, tàbí kí ẹ gbà á nígbà tí a bá fẹ́ tìlẹ̀kùn kí ẹ dá a padà bí a bá ti ṣílẹ̀kùn láàárọ̀.

AráỌ̀wọ̀rọ̀, nípa tìrẹ: Koha, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣàkọsílẹ̀ ìwé, tó pọ̀ nílé ìkàwé àwọn fásitì wa, ní kàlẹ́ńdà nínú. Ó yẹ kí òṣìṣẹ́ kọ ọjọ́ tí ilé wà ní títì síbẹ̀, kí ó sì ní kí kọ̀ǹpútà má ka irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ owó ìtanràn. Bí kò bá ṣe é, kọ̀ǹpútà yóò máa kà lọ. Ẹni tó gbé lẹ́tà wá dípò ariwo ló rántí wa létí.

Ọlọ́jàKábbà

Ẹ jọ̀ọ́ ìyá, ẹ má bínú pé mo ya ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́. Èmi kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, gààrí ni mò ń tà. Mo fẹ́ ka nǹkan nípa bí wọ́n ṣe ń tọ́jú gbágùúdá kó má baà tètè rà. Ṣé wọ́n lè jẹ́ kí irú wa wọ ilé ìkàwé fásitì?

ÌyáLáíbìrìẸgbẹ́

Wọ́n lè gbà yín láàyè. Ẹ mú lẹ́tà dání láti ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ yín, ẹgbẹ́ ọlọ́jà yín tàbí ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sí ọ̀gá ilé ìkàwé. Ní ibòmíràn wọ́n máa ń gba owó díẹ̀. Ẹ lè jókòó kàwé, ẹ lè ṣe ẹ̀dà ojú ewé díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò ní lè yá ìwé lọ sílé. Lẹ́tà S tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ gbà lọ. Ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Kábbà níbẹ̀ súnmọ́ yín jù, ẹ kọ́kọ́ béèrè níbẹ̀.

ỌmọMọ̀pà

Ẹ má bínú, Mà. Ewé físíìsì náà wà nínú fáìlì mi. Kò tíì ká.

ÌyáLáíbìrìẸgbẹ́

Mú un lọ lọ́la. Wọ́n á bá ọ wí, wọ́n á sì gbà á.

TíṣàÌyàrà

Ẹ kú àtilẹ́yìn o. Mo ti lọ, mo ti bọ̀.

Mo gba àyè lọ́wọ́ hẹ́dìmásítà lánàá Tọ́sìdé, mo bá àbúrò mi ọmọ Bùnú ní ẹnu ọ̀nà láíbìrì ní agogo mẹ́jọ ku díẹ̀. Ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì onítáì bí ẹni tó ń lọ sí kóòtù. Mo ní, "Kí ni táì?" Kò dáhùn.

Obìnrin tó wà ní káńtà gba ìwé, ó ṣí i, ó tún pa á dé. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó pe orúkọ ọmọ náà, ọmọ náà ní, "Èmi ni, Mà, ṣùgbọ́n…" Mo já a gbà, mo ṣàlàyé láti orí ìwé méjì tó wà lọ́wọ́ mi dé orí ẹsẹ̀ ìyá àgbà nínú ọkọ̀. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó fún wa ní fọ́ọ̀mù kan, ó ní kí àwa méjèèjì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, kí a buwọ́ lù ú, lẹ́yìn náà ó mú wa lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń rí sí yíyá ìwé.

Ọ̀gá náà jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tó ní awò ojú méjì, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lọ́rùn. Ó ṣí ojú ewé kọ̀ọ̀kan láti 61 dé 92, kò fo ọ̀kan. Mò ń ka àwọn ewé náà mọ́ ọn lọ́kàn. Nígbà tó dé 74, ó gbé ìwé súnmọ́ imú. Ó ní, "Kajú pupa ni àbí òféèfèé?" Mo ní méjèèjì. Ó ní pupa ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, n kò sì bá a jiyàn.

Ìdájọ́ nìyí. A san ₦4,500 fún dídì, ní báńkì, rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi, mo ti yà á sí fóònù. Èmi ni mo san gbogbo rẹ̀, ọmọ náà ní òun fẹ́ dá sí i, mo ní kó jókòó síbẹ̀. Àwa méjèèjì kò ní lè yá ìwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Wọ́n kọ ọ́ sí ìwé pé ọ̀rọ̀ náà ti yanjú, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, ọmọ náà ń mú tirẹ̀ lọ fún kílíáráǹsì. Ojú ewé 66 àti 67 nìkan ni wọ́n ní àwọn á fi kọ̀wé sí ilé ìkàwé mìíràn. Ìwé náà kò ní jáde mọ́, rìsáfù ló ń lọ bí wọ́n bá ti dì í tán, inú yàrá ìkàwé ni n óò ti máa jókòó kà á ní wákàtí méjì méjì.

Mo bi ọ̀gá náà bóyá wọ́n lè jẹ́ kí bébà àtijọ́ tó ní òǹtẹ̀ 1994 yẹn wà níbẹ̀ bí wọ́n bá ń tún un dì. Ó wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó mú bírò, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fọ́ọ̀mù náà.

Nígbà tí a jáde, ọmọ Bùnú tú táì rẹ̀. A rìn dé ìdí igi máńgòrò tó wà lẹ́bàá gééètì, kò sọ nǹkan kan, èmi náà ò mọ ohun tí mo lè sọ. Ó wá ní, "Àǹtí, kajú tí ẹ mú wá lọ́jọ́ yẹn, ṣé gbogbo ẹ̀ ló bàjẹ́?" Mo ní gbogbo ẹ̀. Ó ní, "Bí ẹ bá ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ fi sínú kúlà."